Sípíríǹgì tremolo tuntun tí mo rà fún gìtá mi: ohun tí ojú mi rí

Lálẹ́ ìṣọ́-òru kan ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Pásítọ̀ ń gbàdúrà, èmi àti onídùùrù ń fi ohùn jẹ́jẹ́ tẹ̀ lé e. Gbogbo ìgbà tí mo bá ta okùn kẹfà, nǹkan kan á dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ nínú gìtá. Mo tẹ ọ̀pá tremolo, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń yí ohùn okùn, sílẹ̀ díẹ̀, ó dún kọ́! Nígbà tí mo fi ọ̀pá náà sílẹ̀, ohùn okùn kò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Mo délé, mo tú ike pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn gìtá. Nínú sípíríǹgì márùn-ún, mẹ́ta ló dì mú, ìkẹrin ń mì lẹ́nu ìkọ́, ìkarùn-ún ti yọ pátápátá, ó dùbúlẹ̀ sínú ihò igi.

Irú Stratocaster ni gìtá yìí, àwòrán tí Leo Fender gbé jáde ní 1954. Òun ló pe irin náà ní tremolo, orúkọ ọ̀hún sì ti mọ́ wa lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí àwọn olórin ń pè ní tremolo ni kí ìró máa ròkè kó máa rọlẹ̀ ní agbára. Ohùn fúnra rẹ̀ ni ọ̀pá yìí ń yí, ó ń fà á láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ bí ìgbà tí onídùndún bá dẹwọ́ lára ọsán ìlù. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ti gbọ́ pedal steel, gìtá tí a ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀, tí King Sunny Adé mú wọ inú jùjú, èyí tí Demola Adepoju ń ta, á mọ irú ohùn tó ń yọ̀ lọ gbọọrọ tí mò ń wá. Pedal steel kò sí lọ́wọ́ mi. Ọ̀pá tremolo ni mo fi ń wá a.

Mo lọ sí Aláàbà, mo ra páálí sípíríǹgì kan ní ₦9,500. Márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, dúdú, pẹ̀lú irin eléèékánná tí wọ́n máa ń fi wọ́n kọ́ àti súkúrù gígùn méjì. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé wọ́n le ju ti àtijọ́ lọ. Òótọ́ ló sọ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì na ọ̀kan nínú wọn àti ọ̀kan nínú ti tẹ́lẹ̀, ìyàtọ̀ wọn hàn kedere.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjà náà ṣe rí kí n tó dé ibi wàhálà. Ìkọ́ orí àwọn sípíríǹgì náà dọ́gba, wọ́n wọ inú ihò irin abẹ́ bridge (irin tí okùn jókòó lé lára gìtá, tí ọ̀pá tremolo ń mì) láìsí pé mo fi píláyà fún ọ̀kankan. Èékánná irin náà gùn ju ti àtijọ́ lọ díẹ̀, ìyẹn sì dára gan-an, torí sípíríǹgì kò lè tètè yọ̀ kúrò níbẹ̀. Àwọn súkúrù ni mi ò fẹ́ràn. Irin wọn rọ̀ jù. Ìgbà kejì tí mo fi screwdriver yí ọ̀kan, ojú rẹ̀ ti ń jẹ. Mo dá súkúrù àtijọ́ padà, mo fi ọṣẹ díẹ̀ pa á lẹ́nu kó lè wọ igi wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun mìíràn tí páálí náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé wáyà earth gìtá wà lára irin eléèékánná àtijọ́, wọ́n fi òjé jó o mọ́ ọn ni. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ irin yẹn gbọ́dọ̀ ní ayọ́jé tó gbóná dáadáa, torí irin ńlá bẹ́ẹ̀ máa ń gba ooru mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jó o kó tó mú. Bí kò bá mú, ampilifáyà á máa kùn hùùù, kíkùn náà kò sì ní dínkù bí ẹ bá fọwọ́ kan okùn.

Mo wá kó márùn-ún sínú gìtá. Ẹ gbà mí gbọ́, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bridge lẹ̀ mọ́ ara igi, ọ̀pá náà le bí ìgbà tí mò ń tẹ irin ilẹ̀kùn. Kí bridge lè gbéra díẹ̀, mo ní láti tú súkúrù irin eléèékánná síta títí ó fi kù díẹ̀ kó jábọ́. Nígbà tí bridge gbéra tán, sípíríǹgì méjì tún ń mì, wọ́n tún ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Sípíríǹgì tuntun, lílekoko, owó tuntun, àìsàn àtijọ́. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn débi pé mo fẹ́ dá ọjà náà padà.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń ta gìtá jùjú látìgbà tí mi ò tíì mọ gìtá dì mú ló là mí lójú. A jọ wà lóde ìsìnkú kan, mo ń ṣàlàyé fún wọn.

"Àbúrò, sípíríǹgì mélòó lo kó síbẹ̀?"

"Márùn-ún ni, sà."

"Okùn wo lo fi sí i?"

"Nọ́ńbà 9 ni, sà. 10 ni mò ń lò tẹ́lẹ̀."

"Ìgbà wo lo pààrọ̀?"

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìṣọ́-òru yẹn ni mo kúrò lórí okùn 10 bọ́ sórí 9, tó tín-ín-rín jù ú lọ, torí ìka ń dùn mí. Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, bridge rì mọ́lẹ̀, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún gìtá ṣe, ẹni náà tú súkúrù ẹ̀yìn síta kí bridge lè gbéra. Kò yọ sípíríǹgì kankan.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Okùn mẹ́fà ń fa bridge síwájú, sípíríǹgì ń fà á sẹ́yìn, ibi tí agbára méjèèjì bá ti dọ́gba ni bridge máa dúró. Okùn 10 sí 46 (ìwọ̀n okùn tó tín-ín-rín jù sí èyí tó nípọn jù) ń fa bíi kílógíráàmù 46 lápapọ̀ bí a bá túùn ún síbi tó yẹ. 9 sí 42 ń fa bíi 38. Nígbà tí okùn kò fa tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn náà ní láti dẹwọ́. Ẹrù kékeré tí a wá pín fún sípíríǹgì márùn-ún, ohun tó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó láti nà án. Sípíríǹgì tí kò nà ló ń yọ lẹ́nu ìkọ́. Èyí tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí tí mo lọ fowó rà, ṣòroó nà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ìṣòro náà fi pọ̀ sí i. Kí n tó ra ohunkóhun, wíwò lásán ì bá ti sọ fún mi: ẹ túùn gìtá, ẹ tú ike ẹ̀yìn, ẹ wo àárín òrùka sípíríǹgì. Bí àwọn òrùka náà bá ṣì fara kan ara wọn, sípíríǹgì náà kò gbé nǹkan kan, pípọ̀ ni wọ́n pọ̀ jù.

Mo yọ méjì. Mo fi ọ̀kan sí àárín, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́. Mo dẹ okùn, mo yí súkúrù wọlé ní ìdajì ìdajì, mo tún túùn gbogbo okùn, mo wọn ẹ̀yìn bridge, mo tún yí i. Ibi tí mò ń lọ ni kí ẹ̀yìn bridge fi bíi mìlímítà 3 jìnnà sí igi, ìwọ̀n tí Fender fúnra wọn ń júwe. Ìgbà mẹ́fà ni mo ṣe é kó tó dúró, torí gbogbo yíyí ló ń ba túùnù jẹ́. Ẹ má kánjú níbẹ̀. Ariwo kú pátápátá. Mo gbé gìtá dojú bolẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n, kò dún.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi lo mẹ́ta nínú àwọn tuntun náà. Lẹ́yìn náà mo fi mẹ́ta nínú ti àtijọ́ dán an wò, lórí irin eléèékánná tuntun. Ó dáa jù fún mi. Ọ̀pá náà rọ̀, ó ń mì lábẹ́ ìka bí mo ṣe fẹ́. Àwọn sípíríǹgì tí mo rò pé wọ́n ti gbó kò ní àrùn kankan.

Ta ni ọjà yìí wá yẹ? Ọ̀rẹ́ mi kan ń lo okùn 11, ó sì máa ń fi ìka ti okùn gan-an. Lórí bridge tó gbéra, bí ẹ bá ti okùn kan, bridge á fà síwájú, àwọn okùn tó kù á sì rọlẹ̀. Sípíríǹgì líle máa ń dín ìyẹn kù. Mo fún un ní mẹ́ta, kò sì tíì yọ ọ́ títí di ìsinsìnyí. Ẹni tí kò lo ọ̀pá rárá lè kó gbogbo márùn-ún sínú gìtá, kó fún súkúrù mọ́lẹ̀ kí bridge má gbéra rárá. Eric Clapton tiẹ̀ fi igi dí tirẹ̀ pa. Ẹni tó bá ń lo okùn 9 tó sì fẹ́ kí ọ̀pá rọ̀, kó má ra èyí.

Ó ku ohun kan lára gìtá mi. Bí mo bá tẹ ọ̀pá jìnnà, okùn kẹta máa ń padà wá pẹ̀lú ohùn tó ga díẹ̀, mo sì ń gbọ́ tíń-ín níbi nut lókè, ibi tí okùn ti ń gba ihò kọjá lórí ọrùn gìtá. Ihò okùn ló ń dì í mú níbẹ̀. Mo ti fi ẹnu pẹ́ńsù ra inú ihò náà lánàá, ó ti dínkù, màá tún ra á kí ìdánrawò Ọjọ́bọ̀ tó dé.