Kápà orí tábìlì àbí ọlọ́wọ́ méjì: èwo ni kí ẹ rà fún bíà tí ẹ ń pọn nílé?

Ìgò kẹtàdínlógún ni ọrùn rẹ̀ kán mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti dé mẹ́rìndínlógún láìsí wàhálà, àfi "kà!" tí mo gbọ́, ni ọtí dúdú tí mo ti ń ṣọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá dà sílẹ̀ kíṣìnnì, ètè ìgò sì há sẹ́nu kápà, irinṣẹ́ tí a fi ń tẹ ìdérí mọ́ ẹnu ìgò, bí èépá àgbàdo ṣe ń há sáàárín eyín. Kápà ọlọ́wọ́ méjì ni mo lò lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni mo ra ti orí tábìlì. Ọdún kẹrin rèé tí méjèèjì ti jọ wà nílé mi. Mi ò tí ì ju ti àkọ́kọ́ nù, ìdí tí mi ò sì fi jù ú nù wà lára ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ náwó sọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń gbé yìí, ọdún 1963 ni Reginald Maudling, tó ń bójú tó àpò ìjọba nígbà náà, fagi lé ìwé àṣẹ tí ará ilé gbọ́dọ̀ gbà kó tó pọn bíà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wù ú lè pọn ọn fún ẹnu ara rẹ̀ àti fún àlejò rẹ̀, kó má ṣáà ti tà á. Amẹ́ríkà fi nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: 1978 ni Jimmy Carter fọwọ́ sí tiwọn. Ìyẹn ló fà á tí ọjà irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi gbòòrò ní ìlú méjèèjì, tí kápà sì fi pọ̀ níbẹ̀ ju ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè mọ ìyàtọ̀ wọn.

Kí ẹ tó wo kápà, ẹ kọ́kọ́ wo ìdérí. Ìdérí onírin tó ní eyín yíká yẹn, èyí tí a máa ń ṣà jọ fi ṣeré lọ́mọdé, William Painter ará Baltimore ló gba ẹ̀tọ́ ìṣe rẹ̀ ní 1892. Eyín 24 ló ní nígbà náà. 21 ló kù báyìí. Ẹ ka ti ìgò tó bá wà nítòsí yín, ẹ ó rí i. Kí a tó tẹ̀ ẹ́, ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 32. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ìgò dáadáa, á súnkì sí bíi 28.7, eyín rẹ̀ á wá kápá mọ́ abẹ́ ètè ìgò. Iṣẹ́ kan náà yìí ni gbogbo kápà ń ṣe, ì báà jẹ́ ti £5 tàbí ti £50. Ibi tí wọ́n ti ń di ìgò mú ni wọ́n ti yàtọ̀ síra, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí n yára mú ti olóòlù kúrò lọ́nà. Ife irin kékeré ni: ẹ gbé e lé ìdérí, ẹ fi òòlù lù ú. Kò sí èyí tó pọ́ọ́kú tó o, kò sì sí èyí tó ń fọ́ ìgò tó o. Bí ìgò mẹ́ta lẹ máa ń dé lọ́dún, ó tó yín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ má dá a lóhùn.

Ọlọ́wọ́ méjì

Ó ní apá méjì bí ẹyẹ tó fẹ́ fò. Ẹ ó gbé e lé orí ìgò, irin pẹlẹbẹ méjì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á há mọ́ ọrùn ìgò láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ẹ bá ti ń tẹ apá wálẹ̀, àwọn irin yẹn á di ọrùn mú ṣinṣin, wọ́n á sì fa ẹnu kápà wálẹ̀ sórí ìdérí. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó ń ṣẹlẹ̀: láàárín ètè àti ọrùn ni gbogbo agbára náà ti ń ṣiṣẹ́. Ìsàlẹ̀ ìgò ò mọ nǹkan kan sí i.

Nítorí náà, gíga ìgò ò kàn án rárá. Ẹ lè dé ìgò kúkúrú, kí ẹ dé gíga tẹ̀ lé e, kí ẹ tún padà sí kúkúrú, láìtún nǹkan kan ṣe. Ó kéré, ó ń wọ inú dúrọ́ọ̀, £12 sí £20 ni ẹ ó rí i rà. Kápà pupa tí wọ́n ń pè ní Emily, tó ń ti Ítálì wá, ni ẹ ó máa pàdé níbí. Red Baron ni ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Bí àwọn ìgò yín bá jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ onímílílítà 500 tí wọ́n fi ń ta ọtí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọrùn wọn ní òrùka tó hàn ketekete lábẹ́ ètè, ó lè bá yín dalẹ́.

Ìṣòro rẹ̀ ni ìgò tí ọrùn rẹ̀ bá yàtọ̀. Bí òrùka yẹn bá ti lọ sísàlẹ̀ jù, tàbí tó sanra jù, irin pẹlẹbẹ náà ò ní rí ibi dìmú, á kàn máa yọ̀. Bó bá sì dìmú lọ́nà tí kò dọ́gba, ọrùn á kán, bó ṣe ṣe mí. Lára àwọn kan, irin náà ṣeé yọ kí a yí i padà, ẹ̀gbẹ́ kan fún ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́, èkejì fún ọrùn tó nípọn. Ẹ bi ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó. Ohun mìíràn tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà tí mo fẹ́ rà á ni pé kò sí ọwọ́ tó ṣẹ́ kù láti fi di ìgò mú. Ọwọ́ méjèèjì wà lápá kápà. Bí ìsàlẹ̀ ìgò bá tutù tàbí tí ilẹ̀ ń yọ̀, ẹ ó máa fi orúnkún ṣe ohun tó yẹ kí ọwọ́ ṣe.

Orí tábìlì

Èyí ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ìgò á jókòó sórí pèpéle, òpó á dúró lẹ́yìn rẹ̀, apá kan ṣoṣo tó gùn ni ẹ ó sì máa fà wálẹ̀. Ọwọ́ òsì di ìgò mú, ọwọ́ ọ̀tún fa apá. Láti òkè lọ sísàlẹ̀ tààrà ni agbára ń lọ, gbogbo ara ìgò ló jọ ń gbé e, kò sí ohun tó ń fún ọrùn lọ́rùn. Ìdí pàtàkì tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé torí pé ó lágbára ni, irọ́ ni. Ọlọ́wọ́ méjì náà lágbára tó. Pé kì í fọwọ́ kan ọrùn ìgò rárá ni ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀.

Ìyára náà ń bẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń pọn lẹ́ẹ̀kan ni lítà 23. Bí a bá yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀, ìgò 500 bíi 42 ló ń jáde níbẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo máa ń fi dé wọn tẹ́lẹ̀. Báyìí, ogún ìṣẹ́jú ò pé tán, apá ò sì ro mí lọ́jọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n gíga ìgò kàn án gan-an. Òpó rẹ̀ ṣeé sún sókè sódò, bóyá pẹ̀lú pín-ìn tí a ń kì bọ ihò, tàbí bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀. Ẹ ra oníbọ́tìnnì bí owó bá gbà yín láàyè, nítorí títú pín-ìn léraléra máa ń múni bínú. Bí gbogbo ìgò yín bá ga bákan náà, ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó tún un ṣe fún gbogbo ọjọ́ náà. Bó bá jẹ́ àdàlù ni, ẹ to àwọn tó ga bákan náà pọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ẹ ṣe bí mo ṣe ń ṣe: mo ní pákó kékeré méjì tí mo máa ń tì sábẹ́ ìgò kúkúrú, kó lè bá ẹgbẹ́ ga.

Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ihò tí a lè fi bóòtù dè é mọ́ tábìlì. Ẹ dè é. Kápà tí a kò dè máa ń fẹ́ gbé ẹ̀yìn sókè bí a bá fa apá. Ilé àyágbé ni mo ń gbé, onílé ò sì lè rí ihò lára tábìlì rẹ̀ kó dákẹ́, ni mo bá dè é mọ́ pákó fífẹ̀ kan tí mo máa ń gbé lé tábìlì, tí mo sì máa ń gbé kúrò. Owó rẹ̀ wà láàárín £30 sí £50. Ó ń gbàyè. Ìyàwó mi ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ohun ọ̀ṣọ́ ni.

Ìgò tẹ́ ẹ ní ló máa sọ èyí tẹ́ ẹ máa rà

Ẹ kó gbogbo ìgò tẹ́ ẹ ti ṣà jọ sílẹ̀ kí ẹ wò wọ́n. Nílé, ìgò Star àti Gulder onísẹ̀ntílítà 60 gbọ́dọ̀ padà sínú kéréètì. Níbí, bí a bá rà á ní ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa, kò sẹ́ni tó máa bi wá léèrè rẹ̀. Ìgò tó dára ni, ó nípọn, torí pé wọ́n ṣe é kó lè lọ kó bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ gíga rẹ̀ ò bá ti 500 mu, nítorí náà ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ tó sì ra ti orí tábìlì, á máa sún òpó.

Ìgò ṣanpéènì Yúróòpù àti àwọn kan láti Bẹ́ljíọ̀mù ní ẹnu tó tóbi: ìdérí mìlímítà 29 ni wọ́n ń lò, kì í ṣe 26 tí gbogbo ayé ń lò (ẹnu ìgò ni iye yìí ń tọ́ka sí, kì í ṣe ìbú ìdérí fúnra rẹ̀). Ọ̀pọ̀ kápà orí tábìlì ní ẹnu tó ṣeé tú kí a fi ti 29 rọ́pò. Ẹni tó bá fẹ́ràn irú àwọn ìgò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí fún un, ti orí tábìlì ni kó rà. Ìgò tí a máa ń fi ọwọ́ lásán yí ìdérí rẹ̀ kúrò ńkọ́? Ẹ jù ú sínú garawa àtúnlò. Ètè rẹ̀ tínrín, ìdérí kì í sábà mú un dáadáa, kápà yòówù kí ẹ ní.

Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí bóyá òun lè fi kápà mi dé ẹmu. Mo ní kó má dán an wò. Ẹmu ṣì ń hó nígbà tí a bá ń dé e, gáàsì ò sì níbi gbà jáde mọ́. Ní FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tó wà ní Oṣòdì, tí wọ́n ti ṣèwádìí ẹmu inú ìgò, ooru ni wọ́n fi ń pa ìwúkàrà inú rẹ̀. Bíà náà ní òdiwọ̀n tirẹ̀: ṣúgà gíráàmù 5 sí 6 fún lítà kan ti tó fún un láti hó nínú ìgò. Ẹni tó bá fi ojú wọ̀n ọ́n, tí ìgò wá bú gbàmù lọ́gànjọ́, kó má dá kápà lẹ́bi. Kápà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa ni.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó mú

Ọlọ́wọ́ méjì máa ń tẹ àárín ìdérí wọnú díẹ̀, bíi ìgbà tí a fi àtàǹpàkò tẹ iyán. Kì í ṣe àléébù. Etí ìdérí ni kí ẹ wò: kó kápá wálẹ̀ bákan náà yíká, láìsí eyín kan tó dìde ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní kálípà lè wọ̀n ọ́n, kó wà láàárín mìlímítà 28.6 sí 28.8. Ẹni tí kò ní, kó dojú ìgò kọlẹ̀ lórí bébà gbígbẹ, kó sì padà wá wò ó ní wákàtí kan. Ohun tí ẹ bá kọ́kọ́ rà, omi ni kí ẹ fi dán an wò, kì í ṣe ọtí.

Àlòkù ni tèmi, mi ò sì kábàámọ̀, torí onírin ìgbà àtijọ́ kì í tètè bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ yẹ inú ẹnu kápà wò bóyá ó ti dípẹtà, ẹ wò ó bóyá mágínẹ́ẹ̀tì tó ń gbé ìdérí dúró ṣì wà níbẹ̀, kí ẹ sì kó ìgò tiyín lọ. Ọkùnrin tí mo ra tèmi lọ́wọ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tó rí mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò ìgò òfìfo. Ti 330 wọlé, ti 500 wọlé. Nígbà tó kan ti Gulder, òpó ò gòkè mọ́. Pín-ìn ti há. Ó yọ £5 fún mi. Òróró díẹ̀ àti òòlù ni mo fi tú u nílé.