Bẹ́ẹ̀dì ọmọ tí káfíńtà ń kàn l'Óṣogbo: ẹ kọ́kọ́ wọn àlàfo igi rẹ̀

Ọ̀rọ̀ bóyá kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ kó sunkún títí oorun á fi gbé e lọ máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya, ìyá àgbà náà á sì dá sí i. Ibi tí wọ́n tẹ́ ọmọ sí kì í sábà wọ inú àríyànjiyàn yẹn, bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn òun gan-an ló ń fa ẹkún. Oríṣi ibùsùn ọmọ mẹ́ta ni òbí sábà máa ń yàn nínú wọn: èyí onígi tí káfíńtà ń kàn, èyí aláwọ̀n tó ṣeé ká bí agbòjò, àti àga ọmọ tó ń mì. Èyí onígi la fi síwájú, àmọ́ ẹ má ra èyí tó ti wà nílẹ̀ láìwọ̀n ọ́n. Ó sàn kí ẹ ní kí wọ́n kàn án fún yín.

Igi arère fúyẹ́, ó sì rọ̀ ọ́ gé, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹ̀fun tí ẹ ó máa gbá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì á sọ fún yín. Áfàrá ló bá iṣẹ́ yìí mu jù. Ìrókò lágbára, ó kàn wúwo débi pé èèyàn méjì ni yóò máa gbé e láti yàrá sí pálọ̀.

Àlàfo láàárín igi kan sí èkejì kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, ìyẹn íńṣì 2 àti díẹ̀ lórí tépù káfíńtà. Tó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ara ọmọ á yọ síta, orí á há. Tí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì bá gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4, tí igi kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó íńṣì 1 àbọ̀, igi 12 ló máa gbà. Káfíńtà tó bá fi 8 ṣe é, kó lè dín igi kù, ti fi àlàfo íńṣì 4 sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó tó kù.

Láti orí pákó tí fóòmù jókòó lé dé orí ẹ̀gbẹ́, ó yẹ kó tó íńṣì 26 nígbà tí pákó náà bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ ní kó lu ihò ìpele mẹ́ta. Ọmọ tuntun á wà lókè kí ẹ̀yìn má baà máa ro ìyá. Tí ọmọ bá ti ń gbìyànjú láti jókòó, ẹ sọ pákó náà kalẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tó bá fẹ́ dìde dúró. Bóòtì ni kó fi dè é, kì í ṣe ìṣó nìkan, torí ọmọ tó ń gbo bẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́ á tú ìṣó. Orí òpó gbọ́dọ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kí ọrùn aṣọ má baà fi kọ́ ọ. Ọ̀ṣọ́ ìràwọ̀ tí wọ́n máa ń gbẹ́ sí ibi orí, ihò tí orí ọmọ lè wọ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ tó ń yọ̀ sísàlẹ̀ náà kò dára: ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti fòfin de títà rẹ̀ láti 2011.

Fóòmù líle ni kí ẹ ní kí wọ́n gé. Tí ìka méjì bá ráyè wọlé láàárín fóòmù àti igi, ó ti kéré jù. Ìrọ̀rí àti tìmùtìmù tí wọ́n ń so yí igi ká, tó máa ń bá ẹ̀bùn ìkómọ wá, ẹ kó wọn sínú àpótí. Ẹ̀yìn ni kí ọmọ fi sùn.

Èyí aláwọ̀n dára fún oorun ọ̀sán tí ojú yín bá wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá fara ti àwọ̀n náà, ẹ̀fọn á jẹ ẹ́ láti ìta. Ó sàn kí ẹ so àwọ̀n olóògùn mọ́ àjà lórí bẹ́ẹ̀dì onígi. Tí àwọ̀n olóògùn náà bá jẹ́ tuntun, ẹ kọ́kọ́ fi síbi òjìji fún wákàtí 24. Ní ti àga tó ń mì, kì í ṣe ibi oorun: àgbọ̀n ọmọ á tẹ̀ mọ́ àyà, èémí á sì ṣòro.

Ó wá ku ẹkún òru. Ọ̀nà tí dókítà Richard Ferber ní Boston gbé jáde ni pé kí ẹ tẹ́ ọmọ nígbà tí oorun bá ń kùn ún, tí kò tíì sùn. Tó bá sunkún, ẹ wọlé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3, lẹ́yìn náà 5, lẹ́yìn náà 10; ẹ bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ má gbé e. Lálẹ́ kejì ó di 5, 10, 12. Kò sí ìdí láti gbìyànjú rẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin tàbí èyí tí ara rẹ̀ kò yá, oúnjẹ òru sì ṣì tọ́ sí ọmọ kékeré. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni kí bàbá dúró de ogójì ìṣẹ́jú, kí ìyá àgbà wá gbé ọmọ pọ̀n: ọmọ ti mọ̀ pé ẹkún gígùn ló ń mú ọ̀jà wá. Nílé tí yàrá dojú kọ yàrá, aládùúgbò á ti kan ilẹ̀kùn kí 10 tó pé. Tí iná bá sì lọ nínú ooru oṣù kẹta, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn ọmọ. Tó bá ń làágùn, ooru ló ń pa á lẹ́kún; ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀ kù.

Àwọn tí kò gba ọ̀nà yẹn náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. James McKenna, onímọ̀ tó ń ṣèwádìí oorun ìyá àti ọmọ, ti fi hàn pé ọmọ tó bá sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ máa ń mu ọmú púpọ̀ sí i lóru. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní tiwọn sọ pé yàrá kan náà ni, ó kéré tán fún oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì kan náà.

Ìdí nìyẹn tí owó kékeré kan fi yẹ kó lé iye tí káfíńtà bá pè: kó fi bóòtì de ẹ̀gbẹ́ kan, kó ṣeé tú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ tú u, ẹ ti bẹ́ẹ̀dì náà mọ́ tìyá, kí fóòmù méjèèjì dọ́gba, kí ẹ fi okùn líle so ẹsẹ̀ wọn pọ̀. Àlàfo kankan kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lálaalẹ́. Tí ẹ bá wá gbà pé ọmọ ti tó dá sùn, ẹ dá ẹ̀gbẹ́ náà padà. Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ gbọn ọ́n dáadáa kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó. Èyí tó bá ń dún, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.