Ilé àlejò àwọn mọ́ńkì ní Ewu

Ẹni tí agara bá ti dá débi pé oorun òru ò mú un kúrò mọ́, èmi ní kó lọ sí ilé àlejò àwọn mọ́ńkì Benedict Mímọ́ ní Ewu, ìpínlẹ̀ Ẹdó. Àwọn ọkùnrin ìjọ Kátólíìkì tí wọn kì í gbéyàwó, tí wọ́n ń gbé pọ̀ fún àdúrà àti iṣẹ́, là ń pè ní mọ́ńkì. Láti Benin, ẹ ó gba Ekpoma àti Irrua kọjá. Ọ̀pọ̀ yín ló mọ ibẹ̀ nítorí oògùn Paxherbal tí Fadá Anselm Adodo dá sílẹ̀ ní 1996. Ìsinmi ni èmi bá lọ ní tèmi.

Nọ́ọ̀sì ni mí, Onítẹ̀bọmi sì ni wá nílé wa. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ìdánrawò akọrin ló kàn, ìpàdé àwọn obìnrin a tẹ̀ lé e, àìsùn a tún dé. Ó wá burú débi pé bí aláìsàn bá pè mí, inú á bí mi. Màmá kan ní kí n gbààwẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí Èlíjà ní òun fẹ́ kú, oúnjẹ ni áńgẹ́lì gbé fún un. Ó jẹ, ó sùn, áńgẹ́lì tún jí i pé kó jẹ sí i.

Agogo ibẹ̀ ló tún mi ṣe. Òfin tí Benedict kọ ní nǹkan bí ọdún 530 ní kí mọ́ńkì fi ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí agogo àdúrà bá ti dún. Iṣẹ́ á wà níbẹ̀ láìparí! Òfin náà ló tún ní kí wọ́n gba gbogbo àlejò bí ẹni gba Krístì, kò sì sẹ́ni tó bi mí ní ìjọ tí mo ń lọ tàbí ipò tí mo dì mú. Mo jókòó lẹ́yìn, wọ́n ń kọ Sáàmù, èmi olórí akọrin ò la ẹnu. Ọlọ́run fẹ́ràn mi bẹ́ẹ̀, láìṣe nǹkan kan.

Ẹni tó ń wá aríran tàbí àdúrà aláriwo kò ní rí i níbẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà alẹ́, kẹ́kẹ́ pa. Ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́ kí yàrá lè wà, ẹ sì fi kọ̀ǹpútà sílé.

Ní báyìí, igbákejì mi ló ń darí akọrin ní ọ̀sẹ̀ tí mo bá ṣiṣẹ́ alẹ́. Mo sì ti bẹ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wa pé kí á fi owó àpèjẹ ọdún yìí rán ìyàwó pásítọ̀ wa lọ sí Ewu. Ó ti rẹ òun náà.