Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú Nissan Leaf tòkunbọ̀ ní Àkúrẹ́

Ìtòsí FUTA là ń gbé, ìyàwó mi ń tajà ní Ọjà Ọba, èmi náà ń lọ Alágbàká. Gbogbo ìrìn wa kò ju kìlómítà 25 lọ lóòjọ́. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ fò kọjá 480, ni Camry mi ti ń jẹ mí lówó bí ẹni ń jẹ iṣu. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá mọ́tò oníná tí apá mi ká.

Leaf ni owó rẹ̀ ṣe é gbọ́ jù. Ó ti wà lórí igbá láti ìparí ọdún 2010, èyí tó ti gbó sì pọ̀. Àmọ́ àléébù rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí owó rẹ̀ wálẹ̀: bátìrì rẹ̀ kò ní omi tí ń tù ú, ooru a sì máa jẹ ẹ́. Ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù lápá ọ̀tún. Àwọn ìlà ńlá ń sọ iye iná tó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Àwọn ìlà tíntìntín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń sọ bí agbára bátìrì náà ṣe kù tó; méjìlá ni nígbà tó jẹ́ tuntun, ìyẹn gan-an lẹ fẹ́ rà.

Ọkùnrin kan ní Èkó fi ọkọ̀ ọdún 2013 hàn mí, méjèèjìlá pé pérépéré. Ọkọ̀ tó ti tó ọdún mẹ́wàá! Ara fu mí. Mo ní ká wà á kiri. Kí a tó rin kìlómítà 25, ó ti jẹ ju ìdajì iná lọ. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ tún ìlà náà tò, bátìrì kò sì gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọ̀gá náà ń pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, ojú ọ̀nà ló ṣe bẹ́ẹ̀." Mo kí i pé ó dàárọ̀.

Èyí tí mo rà, ọdún 2013 náà ni, ìlà mẹ́sàn-án ló kù, ẹni tó tà á kò sì fi pamọ́. Nígbà tó jẹ́ tuntun, nǹkan bí 120 kìlómítà ni wọ́n ṣírò fún un. Tèmi ń rin 80, tí mo bá tan AC ó tún dín.

Wáyà tí a fi ń fún un ní iná, tó bá a wá láti Amẹ́ríkà, fẹ́ kó bá mi. Mo ti gbé e dé ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì kí oníṣẹ́ iná wa tó yí i padà, tó ní, "Bọ̀dá, ẹ ka nǹkan tí wọ́n kọ síbí." 120V ni. Iná tiwa ju 220 lọ. Mo wá òmíràn rà. Láti ìdámárùn-ún títí tó fi kún, ó ń gba nǹkan bí yúníìtì 15 lórí mítà, wákàtí bíi mẹ́fà sí méje ló fi ń gba iná. Òru ni mo ń ṣe é, bí iná bá wà.

Oǹdó ló ya mí lẹ́nu. Kìlómítà 45 péré ni, àmọ́ bí mo ṣe ń sáré lójú títì, iná tó kù nígbà tí mo débẹ̀ kéré ju bí mo ṣe rò lọ, kò sì lè gbé mi padà. Iná kò sì sí nílé àna mi. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ ńlá fún mi. Epo ni mo sá fún, epo náà ló tún gbà mí padà sílé.

Nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi: bátìrì kékeré bíi ti mọ́tò gbogbo ṣì wà níwájú. Ó kú ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan, ńlá kún bámúbámú, ọkọ̀ kò jí.

Ọkọ̀ náà dákẹ́ jù pẹ̀lú. Ìyá àgbà kan ní Ọjà Ọba fọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì: "Ọmọ mi, o ò jẹ́ ká gbọ́ ohùn ọkọ̀ ẹ? Ṣé ẹ̀yìn wa lo fẹ́ gbà ni?" Láti ìgbà náà, mo ń fun fèrè kí n tó wọ ọjà.

Abẹ́ igi máńgòrò ni mo ń páàkì sí nítorí oòrùn. Síbẹ̀, ìlà kan tún lọ lóṣù tó kọjá, ó ku mẹ́jọ. Owó bátìrì ni mo ń kó jọ díẹ̀díẹ̀ báyìí. Camry ṣì wà lẹ́yìn ilé fún ọ̀nà Èkó.