Ọmọ tòmátì 36 ni mo rà ní Àkúrẹ́, 30 ló kú láàárín ọjọ́ mẹ́rin

Ife omi kan ló jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó bí mi nínú, torí ó bí mi nínú gan-an ni.

Ní ìparí oṣù Ògọ́ọ̀sì, mo ra ọmọ tòmátì 36 ní ilé ìtajà ohun ọ̀gbìn kan ní Àkúrẹ́ níbí, 150 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń se ọbẹ̀ ní ìlú yìí mọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Tí ọkọ̀ Òkè Ọya ò bá tètè wọlé, rọ́bà pẹ́ńtì tòmátì kan lọ́jà Ọba á ti kọjá agbára. Mo ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gbin ìgbá síbẹ̀, ó sì ń so dáadáa. Kí ló dé tí tòmátì ò ní so?

Ọ̀gá ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ló tà á fún mi. Ó nàka sí ìwé tó wà lára ike tí àwọn ọmọ tòmátì náà wà, orúkọ irú tòmátì náà ló wà níbẹ̀: Roma VF. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ rí VF yìí? Àrùn kankan ò lè mú un." Kò bi mí ohun tí mo ti ń gbìn sórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Kò bi mí bóyá omi máa ń dúró síbẹ̀. Ó gbowó, ó dì í fún mi.

Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mi ò ní ẹjọ́ kankan. Wọ́n ga, wọ́n yọ òdòdó. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan ni mo rí mẹ́ta tí ewé wọn rọ. Ìrọ̀lẹ́ dé, wọ́n tún dìde, mo ní oòrùn ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bíi mẹ́wàá ló rọ. Mo pe ọ̀gá, ó ní omi ni wọn ò rí mu tó, mo bá ń fa omi kànga láàárọ̀ àti lálẹ́. Lọ́jọ́rú, àwọn tó rọ ò dìde mọ́. Mo sáré lọ bá a, ó ta oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì fún mi ní 4,500 náírà, mo fín in kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ fi máa mọ́, 30 ti lọ. Ohun tó dà mí lọ́kàn rú jù ni pé ewé wọn ṣì tutù: kò pọ́n, kò gbẹ, kòkòrò ò jẹ ẹ́. Ó kàn sorí kọ́ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n da omi gbígbóná sí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo hú ọ̀kan tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, mo kó o sínú ọ̀rá, mo gba ilé ìtajà lọ. Ìjà ni mo bá lọ. Ọ̀gá wò ó láti ọ̀ọ́kán, kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, ó sì sọ níwájú àwọn oníbàárà mẹ́rin pé, "Mọ́mì, ẹ ò mọ̀ ọ́n tọ́jú ni." Èmi tí mo ti ń roko láti kékeré!

Ibi tí mo ti ń dá a lóhùn ni ọmọbìnrin kan tó ń di irúgbìn lẹ́yìn káńtà ti dìde. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ kí n wò ó." Ó mú abẹ, ó gé igi tòmátì náà nísàlẹ̀, nítòsí gbòǹgbò, bí ìka ọwọ́ kan ní gígùn. Ó bu omi mímọ́ sínú ife gíláàsì, ó fi òwú so igi náà rọ̀ kí ojú ibi tó gé lè kan omi, ó ní kí ẹnikẹ́ni má mi tábìlì. A dúró. Kò pẹ́ tí nǹkan funfun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti ojú ọgbẹ́ igi náà, tín-ín-rín bí òwú, ó ń lọ sísàlẹ̀ ife. Nígbà tó yá, omi náà dà bí omi ògì. Gbogbo ilé ìtajà dákẹ́.

Ó ní bakitéríà ni. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, gbòǹgbò ló ń gbà wọlé, ó sì ń dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè, ìdí nìyẹn tí ewé fi ń rọ láìgbẹ. Omi tí mo ń bu lé e lórí ló ń gbé e láti ìdí ọ̀kan dé ìdí èkejì. Ó ní ẹbí kan náà ni tòmátì, ìgbá, ata, tábà àti ọ̀dùnkún òyìnbó, ìgbá mi sì lè ti máa gbé àrùn náà tipẹ́ láìkú. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tí mi ò lè gbàgbé, ọ̀gá rẹ̀ sì wà níbẹ̀: pé V àti F yẹn, àrùn fọ́ńgọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n dúró fún, Verticillium àti Fusarium, kò kan bakitéríà rárá. Oògùn tí wọ́n tà fún mi ò sì lè ṣe é ní nǹkan kan. Ọ̀gá gbé fóònù, ó jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ ìsinmi ọmọbìnrin náà, ó gun ọ̀kadà wá sílé mi. Ó ní kí n hú gbogbo rẹ̀ kí n sun ún, kí n má dà á sí àkìtàn, kí n fọ ọkọ́ kí n tó gbé e lọ sí ibòmíràn. Àgbàdo ni kí n máa gbìn síbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ní ti tòmátì, kí n gbìn ín sínú àpò ìrẹsì, kí n bu erùpẹ̀ láti ibi tí ẹnìkan ò gbin ìgbá tàbí ata sí rí, kí n pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti pẹ́ tí kò gbóná mọ́, kí n sì gbé àpò lé búlọ́ọ̀kù kí ó má fara kanlẹ̀. Ó gbé ọmọ tòmátì 12 wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi í kó tó jẹ́wọ́ pé owó ara òun lòun fi rà wọ́n. Mo dá owó náà padà fún un.

Mọ́kànlá nínú wọn so. Mo lọ ìsìnkú ní ìlú Oǹdó fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹnikẹ́ni ò bomi rin ín, ni ìdí àwọn èso kan bá dúdú. Mo pè é, ó ní omi tí kò wá déédéé ni, èso ò rí kálísíọ̀mù fà. Látìgbà náà, àràárọ̀ ni mò ń bomi sí i, ìdí ni mò ń da omi sí, mi ò jẹ́ kó kan ewé. Ọbẹ̀ Kérésìmesì, mi ò ra tòmátì kan.

Owó tí mo pàdánù, 9,900 náírà, ọ̀gá ò dá kọ́bọ̀ padà, kò sì tọrọ àforíjì di òní. Oògùn tó bá fẹ́ tà fún yín, ẹ má rà á. Ọ̀rọ̀ tó bá sọ nípa irúgbìn, ẹ má gbà á gbọ́.

Síbẹ̀, 5 nínú 5 ni mo fún ilé ìtajà náà, nítorí ọmọbìnrin yẹn. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má dúró lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbowó. Ẹ lọ sẹ́yìn káńtà lọ́wọ́ òsì, níbi tí wọ́n ti ń di irúgbìn, kí ẹ sì mú erùpẹ̀ ilé yín díẹ̀ dání.