Ẹ má fi ojú ẹ̀dà wo iṣẹ́ Jacob Lawrence

Mo ra ẹ̀dà àwòrán kan tí Jacob Lawrence, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, yà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò ṣe é dáadáa. Pupa rẹ̀ ti ṣá bí aṣọ tó pẹ́ lóòrùn, dúdú rẹ̀ rí bí eérú. Mo gbà pé bí Lawrence ṣe kùn ún nìyẹn, títí mo fi dé Phillips Collection, ilé àkójọ àwòrán kan ní Washington, nítòsí Dupont Circle, tí mo dúró níwájú ojúlówó.

Àwòrán 60 ló wà nínú The Migration Series, iṣẹ́ rẹ̀ tí mo wò níbẹ̀. Ìtàn bí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe kó kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí àríwá láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni. Ọmọ ọdún 23 ni Lawrence nígbà tó parí rẹ̀ ní 1941. Nọ́ńbà 1, 3, 5 títí dé 59 wà ní Phillips. 2, 4, 6 títí dé 60 wà ní Museum of Modern Art ní New York. Pípín yìí dùn mí, nítorí ọ̀nà tó gbà kùn wọ́n. Gbogbo pátákó 60 náà ló jọ ń kùn pọ̀. Tó bá po àwọ̀ kan, yóò fi kan gbogbo èyí tó nílò rẹ̀ kó tó po òmíràn, láti orí àwọ̀ tó ṣókùnkùn jù dé èyí tó mọ́lẹ̀ jù. Ọ̀kan ń dá èkejì lóhùn ni. Gwendolyn Knight, ayàwòrán tó di ìyàwó rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, bá a tọ́jú àwọn pátákó náà.

Wọn kò tóbi, ínǹṣì 12 sí 18, nítorí náà ẹ sún mọ́ wọn. Nínú èyí àkọ́kọ́, èrò ń rọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà mẹ́ta: Chicago, New York, St. Louis. Èmi tí mo fi ilé sílẹ̀ pẹ̀lú báàgì méjì, mo pẹ́ níbẹ̀. Nínú 15, wọ́n ti so ènìyàn kọ́ pa, ṣùgbọ́n Lawrence kò ya òkú. Okùn lásán ló wà lórí ẹ̀ka, àti ẹnìkan tó ká jọ, tó tẹrí ba nísàlẹ̀. Obìnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mí kanlẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni 57: alágbàfọ̀ kan nínú aṣọ funfun, tó di ọ̀pá gígùn mú, tó ń ro aṣọ nínú omi. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ló dojú kọ.

Lawrence kò dúró sórí ọ̀rọ̀ yìí nìkan o. Ó ti ya àwòrán 41 lórí Toussaint L'Ouverture, olórí ìjà òmìnira àwọn ẹrú ní Haiti, ní 1938. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ dàrú, tó lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ní Queens ní 1949, ó ya àwọn aláìsàn ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àánú. Lẹ́yìn náà ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Seattle, ibẹ̀ ló kú sí ní 2000.

Ó sì dé ọ̀dọ̀ wa. Ó wá sí Nàìjíríà ní 1962, òun àti Gwendolyn tún padà wá ní 1964, wọ́n lo nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Lára ohun tó yà nígbà náà ni Street to Mbari, tí National Gallery of Art ní Washington ní. Mbari ni ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Orí ìkànnì wọn ni mo ti wò ó: òrùlé páànù, aṣọ alárànbarà, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn, kò sí àyè tí ẹsẹ̀ lè gbà kọjá. Mo fi ránṣẹ́ sí màmá mi, tí wọ́n dàgbà ní Ìbàdàn. Wọ́n pè mí lálẹ́, wọ́n ní ariwo rẹ̀ ni àwọn ń gbọ́.