Àgbéyẹ̀wò àpò mọ́ọ̀tì lágà kílò 25 tí mo rà láti Èkó wá sí Iléṣà

Hóró kan ṣoṣo ni mo fi eyín gé kí n tó mọ̀ pé owó mi ti wọgbó. Mọ́ọ̀tì tó dára máa ń fọ́ láàárín eyín bí ẹ̀pà yíyan, adùn díẹ̀ á sì tẹ̀ lé e lẹ́nu. Èyí tí mo gé lọ́jọ́ náà kò fọ́ rárá, ńṣe ló tẹ̀ pẹlẹbẹ tó sì lẹ̀ mọ́ eyín mi. Inú gáréèjì níbi tí mo ti lọ gbà á lọ́wọ́ awakọ̀ ni mo dúró sí, òjò oṣù Keje ń rọ̀, inú mi sì bàjẹ́ gidigidi.

Mọ́ọ̀tì tí mò ń sọ kì í ṣe ti inú ìgò tí a fi ń ṣe àlejò níbi ìkómọjáde. Hóró ọkà bálì ni, tí wọ́n rẹ sínú omi, tí wọ́n jẹ́ kó hù díẹ̀, tí wọ́n sì wá fi atẹ́gùn gbígbóná gbẹ kí ó má baà hù jù bẹ́ẹ̀ lọ; òun ni a fi ń pọn bíà tí à ń pè ní lágà. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn ìyá wa ṣe ń rẹ àgbàdo ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, tí wọ́n ń fi ewé bò ó títí yóò fi yọ èéhù, kí wọ́n tó sá a sóòrùn, ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ìsọ̀kùn ni ìyá ìyá mi ti ṣe é títí ó fi dàgbà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti kọ́ pé bí ọkà tó hù kò bá gbẹ dénú, òfò ni.

Arákùnrin tó gbé ìpè mi ní ilé ìtajà náà kò kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, mọ́ọ̀tì kì í bàjẹ́. Ọkà ṣáà ni.” Mo dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, ẹ̀lùbọ́ náà kì í bàjẹ́, àfi tí omi bá kàn án.” Ó ní kí n ya fọ́tò rẹ̀. Mo yà á, ó sì fèsì pé òun kò rí ohun tó ṣe é, bí ẹni pé ojú ni a fi ń mọ ohun tó rọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni kò fi gbé ìpè mi mọ́.

Olùkọ́ kẹ́mísìrì ni mí. Mo wọn gíráàmù 100 nínú mọ́ọ̀tì náà lórí òṣùwọ̀n ilé ẹ̀kọ́ wa, mo lọ̀ ọ́, mo fi sínú ààrò oníná ní ìwọ̀n ooru 105 fún wákàtí mẹ́ta, mo sì tún un wọ̀n: ó ku 89. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìdá 11 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ omi, nígbà tó jẹ́ pé ìdá 4 sí 5 ló yẹ kó wà nínú mọ́ọ̀tì lágà. Mo fi èsì náà ránṣẹ́ sí wọn. Ìjẹ̀ṣà ni mí, Òṣómàáló sì ni bàbá bàbá mi, ẹni tó máa ń lóṣòó ti onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe jókòó ti fóònù.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹlòmíràn ló gbé ìpè náà, bàbá àgbà kan tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù wọn. Kò béèrè fọ́tò lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Ẹ gé e jẹ, mà. Ṣé ó fọ́?” Mo ní, “Kò fọ́, bàbá.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “A jẹ́ pé ọ̀rá inú rẹ̀ ti ya nìyẹn. Wọ́n ń wọ́ àpò nílẹ̀ síméńtì, wọ́n sì ń tò ó sí ẹnu ọ̀nà níbi tí òjò ti ń fẹ́ wọlé. Mo ti sọ ọ́ títí.” Ó fúnra rẹ̀ gbé àpò mìíràn láti orí pákó, ó fi ọ̀rá méjì wé e, ó sì bá a dé inú ọkọ̀. Ọjọ́ kẹta ló dé Iléṣà.

Ẹ̀yin ará, mọ́ọ̀tì nìyí! Bí mo ṣe tú okùn rẹ̀, òórùn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò ló gba ilé ìdáná mi. Mo lọ̀ ọ́ ní ìlọ̀kulọ̀, mo pò ó mọ́ omi gbígbóná ní ìwọ̀n ooru 66 fún wákàtí kan, mo sì kán áyódìn tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn sí díẹ̀ lára rẹ̀. Kò dúdú rárá, èyí tó fi hàn pé gbogbo sítáàṣì rẹ̀ ti di ṣúgà. Èèpo bálì fúnra rẹ̀ ló ṣe asẹ́, nítorí pé kì í bọ́ lára hóró nígbà ìpakà bíi ti ọkà bàbà wa. Omi tó ń ro jáde mọ́ bí oyin tuntun.

Àwọ̀ yẹn ni mo tìtorí rẹ̀ ra ọjà yìí. Láyé àtijọ́, iná igi ni àwọn òyìnbó fi ń gbẹ mọ́ọ̀tì, ọtí wọn sì máa ń dúdú, èéfín a sì wà nínú rẹ̀ bó ṣe ń wà nínú ẹja yíyan. Nígbà tí wọ́n mọ bí a ti ń fi atẹ́gùn gbígbóná gbẹ ẹ́ láìjẹ́ kí èéfín kàn án ni àwọ̀ rẹ̀ tó mọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1842, ní ìlú Pilsen, tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí, Josef Groll, ọmọ Bavaria, fi irú mọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ pọn ọtí lágà tó ń tàn bíi wúrà, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú bíà tí ayé ń mu lónìí sì ń tẹ̀ lé ipasẹ̀ rẹ̀. Ìlú tiwa yìí náà ti ń pọn lágà láti 1978. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó bálì àti mọ́ọ̀tì rẹ̀ wọlé ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn apọntí Nàìjíríà yíjú sí, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Síbẹ̀, mo fẹ́ mọ bí ti Groll ṣe rí lọ́wọ́ ara mi.

Wákàtí kan ààbọ̀ ni mo fi se omi mọ́ọ̀tì náà láìdé e, nítorí pé ooru díẹ̀ ni wọ́n fi ń gbẹ mọ́ọ̀tì yìí, bí a bá sì dé ìkòkò lé e, òórùn àgbàdo sísè kò ní kúrò nínú ọtí náà. Kò sí ibi kankan lára àpò tí wọ́n kọ ìkìlọ̀ yìí sí. Wọn kò kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe mọ́ọ̀tì náà sí i pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ra ọkà kò gbọ́dọ̀ máa méfò ọjọ́ orí rẹ̀. Èyí tó sì dùn mí jù ni pé èmi ni wọ́n ní kí n san ₦5,000 owó ọkọ̀ àpò kejì, lẹ́yìn tó jẹ́ pé àṣìṣe tiwọn ló gbé e wá. Arákùnrin àkọ́kọ́ kò tíì bẹ̀ mí títí di òní.

Ọ̀sẹ̀ méje ni ọtí náà lò nínú fìríìjì. Nígbà tí mo bu ú sínú gíláàsì fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ó gbé e sókè sí fèrèsé, ó sì rí ọjà Àtàkúnmọ̀sà kedere láti inú rẹ̀.

Máàkì tí mo fún wọn jẹ́ 2 nínú 5. Mo ti sanwó àpò kẹta, mo sì ti sọ fún wọn pé bàbá ilé ìkẹ́rù ni kó dì í.